Ìborùn Tí Doro Gbé Lọ sí Ṣàǹgáì

Ọjọ́ tí Atang, ọ̀rẹ́ mi, tú ìborùn rẹ̀ kúrò léjìká lójú gbogbo ayé, mo wà níbẹ̀. Ọjọ́ ọdún Sẹbastiánì Mímọ́ ni. Àwọn ọkùnrin ti fi ọkọ̀ gbé ère ẹni mímọ́ náà kọjá lórí odò Lumban, ìlú wa nítòsí Mànílà, omi tí a sì ń bù lu ara wa kò tíì gbẹ lára ẹnikẹ́ni. A dúró sétí odò, níbi tí ọkọ̀ tó ń re adágún ti máa ń kó èrò. Doro, àfẹ́sọ́nà Atang, ló fẹ́ lọ.

Afunfèrè ni Doro, kilarinẹ́ẹ̀tì ló ń fun. Láyé ìgbà yẹn, bí òyìnbó bá fẹ́ jó ní Ṣàǹgáì, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n ń pè wá fun fèrè fún wọn. Àwọn ará ìlú wa mélòó kan ti lọ ṣáájú, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pè é. Ó wọ ẹ̀wù funfun, àpótí kilarinẹ́ẹ̀tì wà ní abíyá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dà bíi tọmọdé tí wọ́n fẹ́ mú lọ wo eré.

"Fún mi ní pañuelo rẹ," ló wí fún Atang.

Atang na áńkáṣíìfù kékeré tó ń fi nu omi ojú sí i.

"Ṣé mo ní ọ̀fìnkìn ń ṣe mí ni? Mo ní pañuelo, mi ò ní panyo. Èyí tó wà léjìká rẹ ni mò ń wí."

Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Doro, ṣé orí rẹ pé? O fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ bọ́ síhòòhò lójú Sẹbastiánì Mímọ́?"

"Sẹbastiánì fúnra rẹ̀, ṣé ó wọṣọ ni?" ló fi dá mi lóhùn, gbogbo àwọn tó wà nítòsí sì rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ni, ìbàntẹ́ nìkan ló wà lára ère náà.

Kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Àwọn ará Sípéènì tó jọba lé àwọn baba wa lórí ló fi í sílẹ̀ fún wa. Lẹ́nu tiwọn, pañuelo kò ju áńkáṣíìfù lọ, èyí téèyàn ń ká sápò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá pẹ́ nílé onílé a máa kọ́ ìwà ilé náà. A gé e kúrú di panyo fún èyí tí a fi ń nu imú. Pañuelo gan-an wá di ti ńlá, aṣọ onígun mẹ́rin tí a ń ká sí igun mẹ́ta, tí obìnrin ń gbé lé èjìká, tó sì ń fi pín-ìn-nì so níwájú àyà. Fọ́nrán ewé ọ̀pẹ òyìnbó ni wọ́n fi ń hun ún. Bí o bá mí lé e, á gbéra. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀wù wa náà fẹ́lẹ́, ọrùn rẹ̀ sì gbòòrò. Obìnrin tó bá jáde láìbo èjìká, bí ẹni tó ti balùwẹ̀ jáde sí títì ni.

Ohun tí Doro ń bèèrè nìyẹn.

Nígbà tí ẹ̀rín wa rọlẹ̀, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Atang, tí mo bá mú un dání, mo gbọ́dọ̀ dá a padà. Ọwọ́ ara mi ni màá fi gbé e lé ọ léjìká lọ́jọ́ tí a bá jọ dúró níwájú àlùfáà. Títí dìgbà yẹn, jọ̀ọ́, má fi òmíràn bora."

Atang wò ó. Mo rí i tó gbé ọwọ́ sí àyà, tó fa pín-ìn-nì yọ, tó sì ká aṣọ náà kúrò léjìká bí ẹni ká ewé kúrò lórí oúnjẹ. Ìyá rẹ̀, Aling Sepa, ló kọ́kọ́ figbe ta.

"Yéè! Ẹ gbà mí! Ọmọ mi ti tú ara rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọjà! Ẹ fún mi ní nǹkan! Ohunkóhun!"

Tọ́wẹ́ẹ̀lì tútù kan ló rí gbà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ kan, ìyẹn ló jù bo ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Doro ti fi aṣọ náà sínú àpótí fèrè. Ọkọ̀ fọn, ó sì lọ.

Atang pa ìlérí náà mọ́, kò fi òmíràn bora. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ní Lumban, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni iṣẹ́ obìnrin, aṣọ yìí gan-an la sì ń kó òdòdó sí lára láti kékeré, kí wọ́n tó kó o lọ tà ní Mànílà. Èmi àti Atang la jọ ń jókòó sídìí igi kan náà tí a fi ń na aṣọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, iṣẹ́ tèmi dáa, ṣùgbọ́n ewé tí Atang bá kó, kòkòrò lè ṣì í jẹ. Òun ló wá ń ṣe ìborùn fún ìyàwó ilé ọlọ́lá lọ́tùn-ún lósì, tí èjìká tirẹ̀ sì wà lásán. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ kan gún, á pè mí.

"Sianang, wá yá mi léjìká."

Màá dìde, á gbé e lé mi, á sún sẹ́yìn, á dijú kan, á lajú kan. Kò jẹ́ gbé e lé ara rẹ̀ rí, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nílé ju àwa méjèèjì lọ.

Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. "Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin bá sọ létí omi, omi ló ń gbé e lọ, ọmọ mi. Fi nǹkan bora. Fi tèmi bora, kì í ṣe tuntun, kò ní bínú."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Mo ti ṣèlérí."

"Fún afunfèrè! Ẹnu tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn jẹun ló fi ṣèlérí fún ọ!"

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ẹgbẹ́ ní kó máa jókòó lẹ́yìn pátápátá, kí ojú àlùfáà má baà máa kọsẹ̀. Ó jókòó lẹ́yìn. Àwọn tó ń wọlé á máa wí láàárín ara wọn pé, "Èjìká Doro nìyẹn, ó ń gba atẹ́gùn." Ó ń gbọ́. Nígbà míì á rẹ́rìn-ín sí mi láti ọ̀ọ́kán.

Níbẹ̀rẹ̀, ìròyìn ń wá. Bí afunfèrè kan bá bọ̀ láti Ṣàǹgáì, á gbé páálí abẹ́rẹ́ tàbí agolo bisikíìtì wá, á sì jíṣẹ́ pé, "Doro ní ó di ọdún tó ń bọ̀." Ọdún tó ń bọ̀ bọ̀ lóòótọ́, ó sì tún kọjá. Lẹ́yìn náà ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣáínà, kò sì sẹ́ni tó tún wá jíṣẹ́ kankan.

Lucio wá lásìkò yẹn, ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ń ṣe wàrà láti ara ẹfọ̀n tí a fi ń ro oko ìrẹsì. Lọ́jọ́ Sátidé, á gbé wàrà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sídìí iṣẹ́ wa.

"Atang, wàrà yìí kì í pẹ́ kó tó kan," á wí, ojú á sì máa tì í.

"Ẹ fún Sianang, òun lebi ń pa."

"Èmi náà kì í pẹ́ kí n tó kan, Atang. Mo ti ń dàgbà."

Mo jẹ wàrà Lucio títí mo fi sanra. Nígbà tó yá, ó fẹ́ obìnrin kan ní Pagsanjan, ó sì ń ṣe dáadáa lọ́hùn-ún.

Ohun tó dun Atang jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ẹgbẹ́. Ó wá láti Mànílà, ní jẹ́jẹ́. Àwọn obìnrin olówó níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láìgbé pañuelo, wọ́n ní ó ń mú wọn dà bí ìyá ìyá wọn. Àwọn ọmọge wa tó lọ kàwé lọ́hùn-ún gbé àṣà náà wálé. Ká tó mọ̀, ọ̀dọ́bìnrin ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ọrùn gbalasa, àlùfáà kò sì kọsẹ̀. Àwọn tó ń ra iṣẹ́ wa ní ká máa kó òdòdó sí ẹ̀wù ọkùnrin àti aṣọ orí tábìlì. Lọ́jọ́ kan a ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọbìnrin kan yin Atang pé, "Àǹtí, ẹ̀yin náà ti ń bá ayé lọ! Ọrùn yín dùn ún wò."

Nígbà tí a délé, Atang ní, "Sianang, tẹ́lẹ̀, tí mo bá gba ojú títì kọjá, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé mò ń retí ẹnì kan. Wọ́n ń bú mi, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀. Báyìí ńkọ́? Wọ́n rò pé mo kàn wọṣọ ni."

Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tó sunkún nítorí Doro nìyẹn.

Ogun dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Àwọn ará Japan jókòó sínú ilé ìwé wa. A fi ìborùn àtijọ́ gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ará oko, àwọn ìyá ọmọ sì fi èyí tó kù bo ọmọ ìkókó nítorí ẹ̀fọn. Aling Sepa kú láàárín rẹ̀, ibà ló pa á. Nígbà tí ogun parí, irun èmi àti Atang ti ń funfun lẹ́bàá etí.

Lẹ́yìn náà ni Teroy, afunfèrè tó kọ́kọ́ pe Doro lọ, padà sílé láti Ṣàǹgáì. Àwọn kan tún ń gbàjọba níbẹ̀, àjèjì ń sá. Ó ti gbẹ bí ẹja yíyan. Ó jókòó sórí àkàsọ̀ ilé Atang, kò fẹ́ wọlé.

"Atang, Doro ti kú. Ọdún kẹta ogun ni. Àyà rẹ̀ ló mú un, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ èèyàn."

Atang ń fa òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó fà á bọ̀ ọ́ tán. "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Teroy wò mí bíi pé kí n gbà á sílẹ̀. "Ó fẹ́ ìyàwó. Ará Rọ́ṣíà ni, Klavdia lorúkọ rẹ̀, aránṣọ. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Zoya. Wọn ò sí ní Ṣàǹgáì mọ́. Ìjọba wa ti gba àwọn ará Rọ́ṣíà tó ń sá láyè kí wọ́n dúró ná ní erékùṣù Tubabao, lápá Samar, títí wọ́n á fi rí orílẹ̀-èdè tó máa gbà wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n wà báyìí."

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí Atang fi ní òun ń lọ.

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níwájú obìnrin tó gba ọkọ rẹ?" ni mo pariwo mọ́ ọn.

"Kì í ṣe ọkọ mi. Kò gbé nǹkan kan lé mi léjìká."

"Atang!"

"Mo fẹ́ lọ wo ojú tó fi sílẹ̀ láyé. Tí o ò bá tẹ̀ lé mi, màá sọnù lójú ọ̀nà, wàá sì máa sunkún."

Ó mọ̀ pé mi ò ní jẹ́ kó dá lọ. Mo fi ilé lé ọkọ àti ọmọ mi lọ́wọ́. A wọ bọ́ọ̀sì dé Mànílà, a wọ ọkọ̀ ojú omi tó kún fún ẹlẹ́dẹ̀ àti àpò ìrẹsì dé Tacloban, a tún wọ òmíràn dé Guiuan, kí a tó wọ ọkọ̀ kékeré kọjá sí erékùṣù náà. Mo bì lójú ọ̀nà dé ibi tí mi ò fi rántí orúkọ mi mọ́. Atang kò bì. Ó jókòó níwájú ọkọ̀, ó ń wo iwájú.

Abẹ́ igi àgbọn ni àwọn ará Rọ́ṣíà pàgọ́ sí, àgọ́ aṣọ lọ bẹẹrẹ. Wọ́n ń se ọbẹ̀ nínú ìkòkò ńlá, àgbà ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ń la igi láìwọ ẹ̀wù. A ń bi ẹ̀ṣọ́ léèrè nígbà tí Atang di ọwọ́ mi mú, ó dì í débi tó fi dùn mí.

"Sianang, wo orí ọmọ yẹn."

Ọmọbìnrin kan ń bọ̀ láti ìdí omi, ó gbé garawa lọ́wọ́. Ó ga, ara rẹ̀ funfun bíi ti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú Doro ló wà nínú rẹ̀, àti bó ṣe ń rìn bí ẹni tó fẹ́ jó. Bí obìnrin ilẹ̀ wọn ṣe ń wé orí ló ṣe wérí: aṣọ onígun mẹ́ta, ó sọ ọ́ sábẹ́ àgbọ̀n. Iṣẹ́ Atang ni. Mo lè dá a mọ̀ láti òdìkejì odò.

Ọmọ náà dúró níwájú wa. Atang kò lè sọ nǹkan kan, ó kàn na ìka sí aṣọ náà. Ọmọ rò pé orúkọ aṣọ náà ló ń bèèrè. Ó fọwọ́ kan orí, ó rẹ́rìn-ín.

"Pañuelo," ló wí, kedere, bí ẹni tí wọ́n bí sétí odò wa.

Ìyá rẹ̀ jáde látinú àgọ́. Àwọn tíṣà Amẹ́ríkà ti kọ́ èmi ní Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ nílé ìwé, Klavdia náà sì gbọ́ díẹ̀, ìyẹn la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ó ní lédè tiwọn, orúkọ mìíràn ni aṣọ ìwérí ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà kọ̀, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ nìkan ló ń pè é.

"Ta ni yín?" ló wá bèèrè.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Atang. Ó ní, "Kọ́kọ́ bi í, kí ni Doro sọ nípa aṣọ náà?"

Mo bi í. Ojú Klavdia rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń fọwọ́ pa aṣọ tó wà lórí ọmọ rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, mo di ọwọ́ Atang mú.

"Kí ló sọ?"

"Atang, jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Mi ò la gbogbo omi yìí wá gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Kí ló sọ?"

"Ó ní... Doro sọ fún un pé ìyá òun ló ṣe é. Ó ní òun máa ń sọ fún ọmọ pé ìyá tó ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìfẹ́ ọmọ rẹ̀ ti ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á."

Atang wo ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbá aṣọ àgọ́ pẹ́pẹ́pẹ́. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bú Doro nínú sàréè rẹ̀.

"Sọ fún un pé òótọ́ ni," Atang wí. "Sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n Doro ni mí."

"Doro ò ní ẹ̀gbọ́n!"

"Ó ti ní báyìí. Sọ ọ́, Sianang."

Mo sọ ọ́. Klavdia pariwo, ó dì mọ́ Atang, ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń ṣe, ó sì fi etí épírọ́ọ̀nù nu ojú. Wọ́n fi tíì gbígbóná fún wa nínú agolo. Ọjọ́ mẹ́ta la lò lọ́dọ̀ wọn. Obìnrin náà fẹ́ gbọ́ gbogbo nǹkan nípa ìgbà èwe Doro, Atang sì sọ fún un: bó ṣe ń jí gúáfà lọ́gbà àlùfáà, bó ṣe ń fun fèrè lórí ẹfọ̀n tí ẹfọ̀n fi gbé e ṣubú sínú ẹrẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. A jọ dàgbà ni.

Lọ́jọ́ kejì ni Klavdia sọ bí Doro ṣe kú. Kò sí èédú nílé, kò sí oúnjẹ. Doro ta kilarinẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó tó kú. "Mo ní kó ta aṣọ yìí dípò rẹ̀," ni Klavdia wí. "Ó ní rárá, pé wọ́n ń retí rẹ̀ nílé."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Mo rọra sọ ọ́, mo sì tún un sọ, torí Atang ní kí n tún un sọ.

Igun kan ti ya lára ìborùn náà. Atang tún un ṣe, ó gbé Zoya jókòó tì í, ó ń fi ọwọ́ sọ fún un bí wọ́n ṣe ń fa òwú tí kò fi ní ká. Ọmọ náà gún ara rẹ̀ níka, ó sì bú èébú ní èdè Rọ́ṣíà. Ìyá rẹ̀ gbá a létí, Atang sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti kúrò nílé. Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, Klavdia ká aṣọ náà, ó gbé e fún Atang pé kó gbé e padà fún ìyá Doro.

"Ìyá ti kú," Atang ní kí n sọ. "Ti ọmọ ni."

Ó ṣí i, ó gbé e lé Zoya lórí, ó sì sọ ọ́ sábẹ́ àgbọ̀n bó ṣe rí i tí wọ́n ń ṣe é. Bí ọkọ̀ wa ti ń lọ, ọmọ náà ń pariwo "Tíyà! Tíyà!" létí omi, orúkọ tí a ń pe àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí ẹni, Atang ló kọ́ ọ. Atang ń juwọ́ títí igi àgbọn fi di koríko lójú wa.

Australia ló gba Klavdia àti ọmọ rẹ̀ níkẹyìn. Fọ́tò kan dé ní Kérésìmesì kan: Zoya nínú yúnífọ́ọ̀mù, irun rẹ̀ ní gígé, ẹ̀rín Doro lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, káàdì kan, lẹ́yìn náà kò sí mọ́. Ọmọdé ń dàgbà, ó ní ọ̀pọ̀ nǹkan lójú.

Ọkọ tèmi ti kú báyìí, Atang sì ti kó wá sọ́dọ̀ mi. Ojú wa méjèèjì kò gbé abẹ́rẹ́ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ a máa ń jókòó sójú fèrèsé tó kọjú sódò, a ń jẹ ìrẹsì àti ẹja adágún, a ń bú àwọn aládùúgbò. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Atang á kọjú sí mi.

"Sianang, ṣé wọ́n ti sùn lọ́hùn-ún?"

Ọmọ mi tó jẹ́ atukọ̀ ti sọ fún mi pé ilẹ̀ tètè máa ń ṣú ní Australia ju ọ̀dọ̀ wa lọ. "Zoya á ti sùn," ni mo máa ń wí. "Á ti sùn tipẹ́."

Atang á mi orí, ohùn rẹ̀ á sì wálẹ̀. Láti ìgbà yẹn títí a ó fi lọ sùn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ la ó máa sọ̀rọ̀.